Àníyàn Káfíńtà

Àwọn aládùúgbò wa ní Ìwó máa ń bi ìyàwó mi pé, "Ọkọ yín tó wà lókè òkun ńkọ́?" Wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Wọ́n mọ̀ pé Èkó ni mo wà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òótọ́. Èmi ò kọjá òkun. Òkun ni mo lọ bá, mo sì dúró sí ẹ̀bá rẹ̀, láàárín àwọn ilé tí àlejò ò lè wọ̀ àfi tí onílé bá fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀.

Káfíńtà ni mí. Iṣẹ́ tèmi kì í ṣe àga àti tábìlì. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mò ń bá wọn ṣe. Bí wọ́n bá fẹ́ da kóńkéré àjà, èyí tí a ń pè ní dẹ́kìn, èmi ni mo máa to pákó tí wọn yóò da á lé, èmi náà ni mo máa fi igi ti pákó ọ̀hún lábẹ́. Bí kóńkéré bá gbó tán, èmi kan náà ni mo máa tú pákó kúrò. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìwó kọ́ mi pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá da dẹ́kìn, káfíńtà gbọ́dọ̀ fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ tí pákó máa kúrò sára igi tó wà láàárín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan pákó. Mo rò pé gbogbo ayé ló mọ èyí.

Nígbà tí mo dé Ajah, omi ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Omi ilé tí mo gbà pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì, iyọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Mo fi wẹ̀, ara sì yún mi fún ọ̀sẹ̀ kan. Ohun kejì ni ìkíni. Ní Ìwó, ẹni tó bá ń kọjá níwájú ibi tí o ti ń ṣiṣẹ́ á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ní Lekki, ọkọ̀ á kàn kọjá, gíláàsì á wà ní títì. Èmi ni mo wá ń kí àwọn tó wà nínú ọkọ̀. Sàmú ló ní kí n yé yọ ara mi lẹ́nu.

"Bùrọ̀dá, gíláàsì lẹ̀ ń kí," ló wí. "Ẹ jẹ́ kó máa lọ."

Sàmú jẹ́ bírikìlà, ará Ìkọ̀lé Èkìtì ni. Ó fi ọdún díẹ̀ kéré sí mi. Yàrá kan náà la jọ ń gbé ní Ajah, ibi iṣẹ́ kan náà la sì jọ ń lọ. Òun ló kọ́ mi bí mo ṣe máa dá àwọn sìkiọ́ríìtì ẹnu géètì lóhùn. Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn kọ́kọ́ ṣí géètì fún mi láìbi mí ní ìbéèrè léèmejì, mo pe ìyàwó mi lórí fóònù láti sọ fún un. Kò yé e ìdí tí inú mi fi dùn, ṣùgbọ́n ó bá mi yọ̀.

Láàárọ̀, bí mo bá kírun àsùbáà tán, mo máa ń jókòó sórí ẹní, mo máa dá àníyàn mi fún ọjọ́ náà. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé kéwú nìyẹn: ohun tí èèyàn bá fẹ́ ṣe, kó kọ́kọ́ dá àníyàn rẹ̀ lọ́kàn, ì báà jẹ́ ààwẹ̀, ì báà jẹ́ iṣẹ́. Èmi máa ń sọ tèmi jáde díẹ̀. Mo dá àníyàn láti ṣe iṣẹ́ mi bó ṣe yẹ. Mo dá àníyàn láti gba yàrá tó máa gba èmi àti Ìyá Kúdí, kó wá bá mi. Kúdírátì ni ọmọ wa. Mo dá àníyàn pé kó parí ilé ìwé. Sàmú á fa aṣọ bo orí níbi tó dùbúlẹ̀ sí.

"Bùrọ̀dá, ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, wọ́n ní ká má ṣàníyàn. Ẹ̀yin, ilẹ̀ ò tíì mọ́, ẹ ti bẹ̀rẹ̀."

"Tèmi yàtọ̀ sí tìrẹ. Ohun tí mo fẹ́ ni mò ń sọ."

"Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ àti ohun tó ń bà yín lẹ́rù, orúkọ kan náà lẹ sọ àwọn méjèèjì. Ìyẹn ni ò jẹ́ kẹ́ ẹ sanra."

Mo máa ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Sunday, Ìyá Kúdí á pè mí. Lẹ́yìn tó bá ti sọ ẹni tó bímọ àti ẹni tó ń ṣàìsàn fún mi tán, á ní, "Kí lẹ dá àníyàn ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí?" Màá kà á fún un. Òun náà á ka tiẹ̀. Ó ti mọ irú kọ́tìnì tó fẹ́ fi sójú fèrèsé yàrá tí a kò tíì gbà.

Ọ̀rọ̀ ilé tó wó, mi ò fẹ́ sọ ọ́ púpọ̀. Mi ò ní sọ àdúgbò tó wà. Ohun tí mo fojú mi rí nìkan ni mo máa sọ.

A da dẹ́kìn, mo sì kọ ọjọ́ sára igi. Ní ọjọ́ kẹjọ, ẹni tó ń darí iṣẹ́ ní kí n tú pákó, pé òjò ti fi iṣẹ́ sẹ́yìn, wọ́n fẹ́ lo pákó náà lókè. Mo ní ọjọ́ ò tíì pé, sà. Ó wo ohun tí mo kọ. Ó fi ọwọ́ pa á rẹ́. Ó ní, "Ó ti pé báyìí." Àwọn tó dúró níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo mú irin tí a fi ń tú ìṣó, mo sì tú pákó náà, èmi fúnra mi, láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí àkókò ìrun àyílà tó, mo jáde lọ ṣe àlùwàlá lẹ́bàá fẹ́ǹsì. Sàmú wà nínú ilé, ó ń rẹ́ ògiri. Mo bu omi sọ́wọ́. Mo ti sọ ọ́ dé "mo dá àníyàn" nínú ọkàn mi nígbà tí mo gbọ́ ìró kan. Kò pariwo tó bí èèyàn ṣe máa rò. Ó dà bí ìgbà tí ọkọ̀ bá ń da yanrìn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, eruku bo gbogbo ibẹ̀.

Wọ́n gbé Sàmú jáde kó tó di alásárì. Bàtà rẹ̀ ni mo fi dá a mọ̀.

Ẹnikẹ́ni ò bi mí ní nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n Sàmú wá láti Ìkọ̀lé, mo kó àwọn ẹrù àbúrò rẹ̀ fún un: aṣọ, Bíbélì, fáànù kékeré kan. Ó di ọwọ́ mi mú, ó dúpẹ́ pé mo ṣe bí ọmọ ìyá. Mo gba ọpẹ́ náà.

Ìyá Kúdí pè mí. Kì í ṣe ọjọ́ Sunday.

"Bàbá Kúdí, wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò pé ilé kan wó lọ́hùn-ún. Ṣé kì í ṣe ibi tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́?"

"Rárá."

"Ẹ ò sí níbẹ̀?"

"Mi ò sí níbẹ̀."

"Sàmú ńkọ́? Ẹ gbé fóònù fún un, kí n kí i."

"Sàmú ti padà sí Ìkọ̀lé," ni mo sọ fún un. Òkú rẹ̀ ti wà lọ́nà nígbà tí mò ń sọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà, mi ò lè dá àníyàn mọ́. Mo ṣì ń kírun, ara mi ń wólẹ̀, ó ń dìde. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dé "mo dá àníyàn," ọ̀rọ̀ tó kù kì í wá. Ibi tó dúró sí lọ́jọ́ yẹn náà ló máa ń dúró sí. Kì í ṣe pé inú mi bàjẹ́. Inú tó yẹ kó bàjẹ́ gan-an ni mi ò rí. Mò ń jẹun, mò ń sùn. Bí ẹnikẹ́ni bá pe "Káfíńtà" lẹ́yìn mi lójú títì, ẹsẹ̀ mi á kọ́kọ́ dúró, màá rò pé àwọn tó máa mú mi ti dé.

Mi ò tún wọ abẹ́ àjà kóńkéré kankan. Ilé onípáànù ni yàrá mi. Bí òjò bá ń rọ̀, tí àwọn èèyàn sá sí abẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, èmi á dúró sínú òjò. Bí wọ́n bá ní kí n wá ṣe ilẹ̀kùn, màá kọ́kọ́ béèrè bóyá ilé ọ̀hún ní òkè. Bó bá ní òkè, màá ní kí wọ́n gbé ilẹ̀kùn wá bá mi ní ìta, kí n ṣe é níbẹ̀, kí ẹlòmíì lọ gbé e kọ́. Wọ́n gbà pé bí èmi ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Mo lọ sílé fún Iléyá, mo lo ọjọ́ mẹ́ta. Ní Ìwó, wọ́n ń kí mi ní "ará Èkó." Ní Ajah, àwọn onílẹ̀ ń pè mí ní ará òkè. Tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí. Mo máa ń rò pé bó pẹ́ bó yá, ọ̀kan nínú ibi méjèèjì á gbà mí pátápátá. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kàn ń gbọ́ ọ ni. Ìyá Kúdí bu ẹran fún mi, ó jókòó, ó ń wo bí mo ṣe ń jẹ ẹ́. Kò béèrè nǹkan kan. Ó ti pẹ́ tó ti ń béèrè àníyàn lórí fóònù, tí èmi ń sọ pé kò sí, ara le, Ọlọ́run ń ṣe é. Nígbà tó yá, kò béèrè mọ́.

Ó lé ní ọdún kan lẹ́yìn náà tí obìnrin kan ní Thomas Estate ní kí n wá ṣe pákó kan fún òun. Ilé ilẹ̀ ló ń gbé. Mo pè é ní Àǹtí bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ, nítorí òun ló ni iṣẹ́. Ó fẹ́ kí pákó náà fẹ̀, kí n fi fóòmù sí i lójú, kí a lè máa fi píìnì gún nǹkan mọ́ ọn. Bí mo ṣe gbé e kọ́ ògiri tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gún àwòrán mọ́ ọn: ṣọ́ọ̀bù ńlá kan, ọmọ ìkókó kan, obìnrin kan tó dúró ní etí òkun tó ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ má wò mí bí ẹni tí orí ẹ̀ ò pé," ló wí. "Kíláàsì kan ni mò ń ṣe lórí fóònù. Wọ́n ní kéèyàn fi irú ayé tó fẹ́ síwájú ara ẹ̀, kó máa wò ó lójoojúmọ́, kó máa sọ ọ́ jáde."

"Ó yé mi, mà. Bí àníyàn nìyẹn."

"Ká má rí i o. Àníyàn kẹ̀? Àníyàn ni mo fẹ́ kó kúrò lọ́kàn mi tí mo fi ń ṣe gbogbo eléyìí. Ẹ̀yin tún ń dá a padà."

Mo fẹ́ ṣàlàyé fún un pé àníyàn ti àwa yàtọ̀. Mo la ẹnu. Ohùn Sàmú ni mo gbọ́ níbi tó ti fa aṣọ bo orí. Mo fi ọwọ́ ti ògiri.

"Bàbá, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí, mà. Òòrùn ni."

Ó bu omi tútù fún mi. Nígbà tí mo mu ún tán, ó fa ìwé funfun kan yọ, ó nà án sí mi. "Ẹ mú. Ẹ̀yin náà ẹ kọ tiyín. Kí lẹ fẹ́?"

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti bi mí lóríṣiríṣi ìbéèrè láti ìgbà tí mo ti dé Lekki. Kò sí ẹni tó bi mí ní èyí níbẹ̀ rí. Mo ronú sí i dáadáa, nítorí ó ṣe mí lóore. Mi ò rí nǹkan kan. Mo ní, "Mi ò mọ̀, mà." Mo ká ìwé náà, mo fi í sínú àpò irinṣẹ́ mi.

Àǹtí yìí kan náà ló júwe mi fún ìbátan rẹ̀ tó ń kọ́lé fún àwọn èèyàn, tí a ń pè ní Ọ̀gá Déjì. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan ni wọ́n ń kọ́ ní Ṣàngótẹ̀dó, káfíńtà wọn ti lọ. Mo fẹ́ sọ pé rárá. Lẹ́yìn náà ni mo rò ó pé ẹni tó ń to pákó, ojú ọ̀run ló wà lórí rẹ̀, kì í ṣe kóńkéré. Mo gbà á. Ọwọ́ mi ò tíì gbàgbé iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n da dẹ́kìn. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ sára igi àárín, Jímọ̀ kẹta sígbà náà, kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dà á, kí n má baà wọ abẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá wúwo tán.

Jímọ̀ kan kọjá. Lọ́jọ́ Monday tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gá Déjì dé.

"Bàbá Káfíńtà, ẹ tú pákó yẹn lónìí. Wọ́n ń dúró dè é ní Ìbẹ̀jú."

"Ọ̀gá, ọjọ́ ò tíì pé, sà."

"Ọjọ́ wo?"

Mo nawọ́ sí igi náà láti ìta. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó.

"Ta ló kọ eléyìí?"

"Èmi ni, sà."

"Áà. Injínníà wà lọ́dọ̀ mi, mi ò mọ̀. Ẹ kí injínníà wa o." Àwọn lébìrà rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Injínníà, ẹ kú iṣẹ́ o."

Ẹ̀rín náà dé ọ̀fun èmi náà. Mo mọ̀ ọ́n, mo mọ bó ṣe máa rí bí mo bá jẹ́ kó jáde, àti ohun tó máa tẹ̀ lé e. Mo dọ̀bálẹ̀. Láti ilẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti sọ̀rọ̀.

"Kí lẹ sọ?"

"Mo ní mi ò ní lè tú u, sà."

Ó wò mí títí. Ọmọ tí mo lè bí ni. Ó ní, "Ẹ dìde, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rò pé mo nà yín. Ẹ kó irinṣẹ́ yín, kẹ́ ẹ máa lọ. Káfíńtà pọ̀ ní Ṣàngótẹ̀dó ju ẹ̀fọn lọ. Ẹlòmíì á tú u lọ́la."

Mo kó irinṣẹ́ mi. Mo dé yàrá, mo jókòó. Mo sọ fún ara mi pé mo ti ṣe tèmi, pé kò kàn mí mọ́, ilé kì í ṣe tèmi. Àwọn bírikìlà máa bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ògiri abẹ́ dẹ́kìn yẹn lọ́jọ́ Wednesday. Mo mọ orúkọ àwọn méjì nínú wọn. Ìyẹn ni ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kúrò lára mi. Bí kì í bá ṣe pé mo mọ orúkọ wọn, mo rò pé ǹ bá ṣì jókòó sínú yàrá yẹn títí di òní.

Lẹ́yìn àsùbáà ọjọ́ kejì, mo gbìyànjú láti dá àníyàn. Ó dúró níbi tó máa ń dúró sí. Mo ká ẹní mi, mo wọkọ̀ lọ sí Ṣàngótẹ̀dó. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì dé. Mo dúró lẹ́nu ilé náà, ó pẹ́. Lẹ́yìn náà mo wọ abẹ́ dẹ́kìn, mo tẹ́ ẹní sídìí igi tí mo kọ ọjọ́ sí, mo sì jókòó. Omi ń kán sílẹ̀ láàárín pákó, nítorí wọ́n ti bu omi wọ́n kóńkéré náà kó lè gbó dáadáa. Gbogbo ìgbà tó bá kán, mo máa ń di ojú.

Ẹni tó wá tú u dàgbà jù mí lọ. Ó ní irin lọ́wọ́, ó sì dé fìlà.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún síta, mo fẹ́ ṣiṣẹ́."

"Ẹ káàárọ̀, sà. Mi ò ní sún, sà."

"Ṣé ara yín ò yá ni?"

"Ara mi yá, sà."

"Ẹ̀yin àti Ọ̀gá ń jà?"

"Rárá, sà."

Ó yí ojú ká, bí ẹni tó ń wá ẹni tó máa bá òun dá sí i. Ó wá rí ohun tí mo kọ. Ó fi ìka tẹ̀ lé e, ó ń ka ọjọ́ náà, ètè rẹ̀ ń lọ.

"Ìgbà wo ni wọ́n dà á?"

"Jímọ̀ tó kọjá kọ́, èyí tó ṣáájú rẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ kọ eléyìí?"

"Èmi ni, sà."

"Ìkọ̀wé yín ò dáa rárá," ló wí. Ó jáde, mo sì gbọ́ ọ tó ń bá Ọ̀gá Déjì sọ̀rọ̀ lórí fóònù. "Ọ̀gá, ẹnìkan jókòó sábẹ́ ẹ̀. Ó ní òun ò dìde… Kì í ṣe wèrè, ó kí mi dáadáa… Ọ̀gá, bí mo bá tú u tó wó lé e lórí, ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá mi dé tèṣàn? Àbí kẹ́ ẹ pe ẹlòmíì." Ó padà wá yọjú sí mi. "Ẹ rọra jókòó o. Èmi ń lọ."

Ọ̀gá Déjì pè mí. Ó sọ̀rọ̀ sí mi gan-an. Ó ní kí n jókòó síbẹ̀ kí n ta gbòǹgbò, pé òun máa lọ yá pákó níbòmíì fún Ìbẹ̀jú, pé kí n tú u lọ́jọ́ tí mo kọ, lẹ́yìn náà òun ò gbọ́dọ̀ rí mi níbi iṣẹ́ òun mọ́. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Kò tún pè mí títí di òní, Àǹtí náà kò sì tún gbé iṣẹ́ fún mi.

Mi ò dìde lẹ́yìn tí káfíńtà náà ti lọ. Ibẹ̀ ni mo wà tí fóònù mi fi dún.

"Bàbá Kúdí, ohùn yín ń ró bí ẹni tó wà nínú kòtò. Níbo lẹ wà?"

"Abẹ́ dẹ́kìn."

Omi kán sílẹ̀.

"Ìyá Kúdí, ilé tó wó yẹn, mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo tú pákó ẹ̀. Sàmú wà nínú ẹ̀."

"Mo mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀," ló wí. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Èyí tẹ́ ẹ sọ tẹ̀ lé e ni mi ò mọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ ò ti sọ fún mi mọ́ pé ẹ fẹ́ nǹkan kan. Mo ní, ọkọ mi ò sọ pé òun fẹ́ nǹkan, ó ti rí nǹkan nìyẹn."

Mo gbọ́ tó ń sunkún díẹ̀, bóyá fún Sàmú, bóyá fún mi. Ó fọn imú. Lẹ́yìn náà ló béèrè, bó ṣe máa ń béèrè tẹ́lẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ báyìí?"

Mo gbé ojú sókè. Ṣọ́ọ̀kì náà wà níbẹ̀, omi ti kán sí i lápá kan, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà.

"Mo fẹ́ kó di Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Kí ló wà ní Jímọ̀?"

"Pákó ni," ni mo wí. "Jímọ̀ ni mo dá àníyàn láti tú u."